Ewì tí Bàbá Àgbà Kò Kọ

"Ọ̀la mà ni! Ọ̀la yìí náà ni!" Kíákíá pariwo fún ara rẹ̀, ó sì fi ìpàkọ́ lu àpò ìyẹ̀fun tó fẹ̀yìn tì. Ìyẹ̀fun bú jáde, ó bo gbogbo irun rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún wá di arúgbó lójijì.

Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú ni. Yàrá kékeré tí wọ́n ń kó ìyẹ̀fun àti ṣúgà sí lẹ́yìn ilé búrẹ́dì ìyá ìyá rẹ̀ ló sá sí, ìwé wà lórí itan rẹ̀, fóònù wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ní yàrá iwájú, ó ń gbọ́ bí Ìyá Àgbà ṣe ń fi òróró pa inú agolo búrẹ́dì lọ́kọ̀ọ̀kan, tó sì ń tò wọ́n sórí tábìlì gígùn.

Bí ẹ bá rò pé torí pé ó yára ni wọ́n ṣe ń pè é ní Kíákíá, ẹ ti ṣìnà. Iṣẹ́ tí wọ́n bá fún un ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta láti ṣe, ìgbà tó bá ku ọ̀la ló máa ń rántí rẹ̀. Nígbà náà ni yóò wá máa sáré sókè sódò, tí gbogbo ilé yóò sì máa ké "kíákíá, kíákíá!" lé e lórí. Orúkọ náà lẹ̀ mọ́ ọn, kò sì dùn ún.

Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọ̀tẹ̀ yìí kì í ṣe ti eré. Olùkọ́ lítíréṣọ̀ wọn, obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí ohùn rẹ̀ ju ara rẹ̀ lọ, ti là á mọ́lẹ̀ fún wọn: "Ewì ìfẹ́ méjì ni kí ẹ mú wá. Ọ̀kan gbọ́dọ̀ jẹ́ ti àtijọ́, láti ẹnu tàbí láti ọwọ́ àgbà ilé yín. Ẹ má lọ yọ ọ́ nínú ìwé kankan o. Ìkejì, kó jẹ́ ti ọ̀dọ́ òde òní. Ẹ fi wọ́n wéra, kí ẹ sọ ojú tí ìran kọ̀ọ̀kan fi ń wo ìfẹ́. Ogún máàkì ni, ó sì ń lọ sínú ìdánwò àṣekágbá yín."

Ti òde òní kò le. Kíákíá ti rí ọ̀kan lórí fóònù, èyí tí ọ̀dọ́ kan tí kò mọ̀ rí kọ:

Mo kọ "mo fẹ́ràn rẹ", mo pa á rẹ́.
Mo tún un kọ, mo tún un pa rẹ́.
Ohun tí mo wá fi ránṣẹ́ ni,
"Ṣé o ti jẹun?"
O ní, "Bẹ́ẹ̀ ni."
Inú mi dùn títí ilẹ̀ fi ṣú.

"Èyí náà léwì?" Kíákíá yínmú, ó sì dà á kọ. Lábẹ́ rẹ̀ ló ti kọ ọ́ pé kò sí ìfẹ́ nínú ewì àwọn ọ̀dọ́ ìwòyí, fóònù ló kún inú rẹ̀.

Ti àtijọ́ ni wàhálà. Ìgbésẹ̀ mẹ́wàá péré ló wà láàárín òun àti Ìyá Àgbà. Ṣùgbọ́n ṣé Ìyá Àgbà? Obìnrin tó jẹ́ pé ìyẹ̀fun, yíìsì àti iná ààrò ni gbogbo ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀? Kí ni ẹni bẹ́ẹ̀ fẹ́ mọ̀ nípa ìfẹ́? Bó bá sì lọ bi í, ìbéèrè àkọ́kọ́ tí yóò gbà padà ni pé, "Láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kí lo ń ṣe?" Ìbéèrè yẹn gan-an ló ń sá fún.

Ibi tó ti ń wo òrùlé ni ojú rẹ̀ ti gán-án-ní àwọn ìwé Bàbá Àgbà lórí pẹpẹ. Ọdún mẹ́ta sẹ́yìn ni Bàbá Àgbà kú. Òun ló dá ilé búrẹ́dì náà sílẹ̀, gbogbo ọjọ́ tó fi ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ló sì ń kọ ohun tó pò sílẹ̀: ìyẹ̀fun ìwọ̀n báyìí, iyọ̀ ìwọ̀n báyìí, yíìsì ìwọ̀n báyìí, ọjọ́ àti ọdún lókè. Pẹ́ńsùlù ló fi ń kọ wọ́n, torí ọwọ́ ẹni tó ń po ìyẹ̀fun kì í gbẹ, omi a sì máa ba yíńkì jẹ́. Iwájú ìwé nìkan ló ń lò. Ẹ̀yìn rẹ̀ mọ́ roro.

Kíákíá fa ọ̀kan yọ, ó ń ṣí i. Ìwé ti pọ́n, etí rẹ̀ ti ń já. Lójú ewé kan, ó rí ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kẹta, ọdún tó ju ogójì lọ sẹ́yìn. Ó yí i padà, ó wo òfìfo ẹ̀yìn rẹ̀ títí.

Ẹ jẹ́ n sọ òótọ́ nípa ọmọ yìí. Kì í ṣe olè, kì í sì í ṣe onírọ́ paraku. Àmọ́ ó mọ ewì kọ, ó sì mọ̀ pé òun mọ̀ ọ́n kọ. Ohun kejì ni pé Bàbá Àgbà ló kọ́ ọ ní kíkọ lórí tábìlì gígùn yẹn. Orí ìyẹ̀fun tí wọ́n tẹ́ sílẹ̀ ló ti ń fi ìka rẹ̀ tọ ojú ìka bàbá, láti ọmọ ọdún mẹ́rin. Nítorí náà, kò nílò láti ṣe àdàkọ ọwọ́ ẹnikẹ́ni. Ọwọ́ bàbá ni ọwọ́ rẹ̀.

Ó kọ́kọ́ dán an wò lẹ́yìn ìwé ìṣirò rẹ̀. Ó kọ, ó pa rẹ́, ó kọ, ó tún pa rẹ́. Nígbà tó dùn mọ́ ọn tán, ó ya ewé àtijọ́ náà jáde, ó sì fi pẹ́ńsùlù kọ ọ́ sẹ́yìn rẹ̀:

Ìwọ tó pèjí, ìwọ ọlọ́yinlẹ́nu,
Bí o bá rẹ́rìn-ín, òòrùn á ṣíwọ́ iṣẹ́.
Àárín eyín rẹ ni ọkàn mi gbà kọjá,
Kò mọ ọ̀nà padà mọ́.
Bí n kò bá rí ọ lónìí,
Kí wọ́n má ṣe jí mi lọ́la.

Pẹ́ńsùlù tuntun dúdú jù. Ó bu ìyẹ̀fun díẹ̀, ó fi àtàǹpàkò pa á lórí rẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ títí ó fi ṣá. Ó gbọn ọ́n nù, ó wò ó, orí rẹ̀ wú. "Bàbá mi àgbà ló kọ ọ́ fún ìyàwó rẹ̀," ló kọ sínú àròkọ rẹ̀. Kò rántí wo ẹnu ìyàwó náà. Eyín Ìyá Àgbà sún mọ́ra débi pé okùn kò lè gba àárín rẹ̀ kọjá, ká má tíì wá sọ ọkàn odidi ènìyàn.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, olùkọ́ gbé ewé náà sókè nínú kíláàsì bí ẹni gbé ẹyin. Ó ka ewì náà lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tó dé "kí wọ́n má ṣe jí mi lọ́la," àwọn ọmọbìnrin ẹ̀yìn kíláàsì mí kanlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ọmọkùnrin kan sì ní, "Haa, àwọn bàbá yìí ò ṣe é bá díje o!" Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín.

"Máàkì mọ́kàndínlógún," ni olùkọ́ wí. "Lọ́jọ́ Ẹtì tí àwọn òbí ń bọ̀, ìwọ ni wàá kà á fún wọn lójú ọ̀gá iléèwé." Ẹsẹ̀ Kíákíá kò kan ilẹ̀ títí ó fi délé.

Ibi tó ti ń to búrẹ́dì sórí káńtà ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ló ti rí olùkọ́ tó ń gba ẹnu ọ̀nà wọlé, àpò lọ́rùn, ẹ̀rín lẹ́nu.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Màmá. Èmi ni olùkọ́ lítíréṣọ̀ ọmọ yín."

"Ẹ káàbọ̀, tíṣà. Kò ṣẹ ẹnikẹ́ni, àbí?" Ìyá Àgbà nu ọwọ́ mọ́ épírọ́ọ̀nù rẹ̀.

"Rárá o! Ẹ̀yin ni mo wá kí. Màmá, ẹ jẹ ayé! Ẹ̀yin lẹ ní irú ọkọ báyìí, ẹ sì dákẹ́? Mo dá ìwé rẹ̀ padà fún yín, mo ti kó o sínú ọ̀rá. Irú ohun iyebíye báyìí kì í ṣe ohun tí à ń fi sílẹ̀ níléèwé." Ó gbé e lé Ìyá Àgbà lọ́wọ́, ó sì fi ìka tọ́ka sí i lẹ́nu bí ọmọdé. "Ó yá, Màmá, ẹ rẹ́rìn-ín díẹ̀ kí n rí èjí yẹn!"

Ìyá Àgbà ti fi awò ojú rẹ̀ sójú. Ó ń kà á, ètè rẹ̀ ń mì. Ó yí ewé náà padà, ó wo ọjọ́ tó wà lókè, ó wo ìwọ̀n iyọ̀, ó wo ìkọ́ kékeré tí ọkọ rẹ̀ máa ń fi sí ìdí lẹ́tà. Ó wá pa ẹnu rẹ̀ dé.

"Ẹ ṣeun, tíṣà," ló wí. Ó fún olùkọ́ ní búrẹ́dì kan, ó sì sìn ín dé ẹnu ọ̀nà. Kíákíá ń to búrẹ́dì rẹ̀ lọ. Kò sọ nǹkan kan. Èyí ni ẹ̀ṣẹ̀ kejì, òun ló sì wúwo ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Ní ọjọ́ kejì, àwòrán Bàbá Àgbà tó máa ń wà lókè káńtà kò sí níbẹ̀ mọ́. Ìṣó nìkan ló ṣẹ́ kù lára ògiri. Kó tó di ọ̀sán, oníbàárà mẹ́ta ti dá búrẹ́dì padà. "Ìyá Oníbúrẹ́dì, ẹ gbàgbé iyọ̀ lónìí." Láti ọjọ́ tí Kíákíá ti gbọ́njú, Ìyá Àgbà kò gbàgbé iyọ̀ rí.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà, kó tó lọ sí iléèwé, nígbà tí Kíákíá mú búrẹ́dì àkọ́yọ, tó fẹ́ sọdá títì láti gbé e fún Ìyá Aránṣọ bó ti máa ń ṣe láràárọ̀, Ìyá Àgbà pè é padà.

"Níbo lò ń lọ?"

"Ọ̀dọ̀ Ìyá Aránṣọ, mà."

"Gbé e kalẹ̀. Má gbé nǹkan kan lọ sọ́dọ̀ aránṣọ yẹn mọ́."

"Ọ̀rẹ́ yín?"

"Ta ló sọ fún ọ pé mo ní ọ̀rẹ́?"

Ó lé ní ogójì ọdún tí obìnrin méjèèjì ti ń wo ara wọn láti òdìkejì títì kan náà, tí ọ̀kan ń rán aṣọ, tí èkejì ń yan búrẹ́dì. Bí ọ̀kan bá ń sín, èkejì á ní "pẹ̀lẹ́ o" láti òdì kejì. Ìgbà tí Kíákíá wá ronú kan Ìyá Aránṣọ, tó fojú inú wo ẹ̀rín rẹ̀, ni ara rẹ̀ tutù wọlọ. Ìyá Aránṣọ pèjí. Èjí gbàgàdà, àárín eyín òkè gan-an.

"Ìyá Àgbà," ló wí, "ewì lásán mà ni. Bóyá ẹ̀yin ni Bàbá ń bá wí."

Ìyá Àgbà fa àga, ó jókòó. "Ìwọ wo ọjọ́ tó wà lókè ìwé yẹn. Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kẹta. Ìyá rẹ pé ọmọ ọjọ́ mẹ́sàn-án lọ́jọ́ náà. Ilé ìyá mi ni mo wà, mi ò lè dìde dáadáa. Mo ń ro ẹni tí yóò máa bá ọkọ mi ṣiṣẹ́. Aránṣọ ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé òpópónà yìí ni, èmi fúnra mi ni mo bẹ̀ ẹ́ pé kó máa yà síbẹ̀ láàárọ̀ kó bá a to búrẹ́dì. Èmi fúnra mi o!" Ó fi ọwọ́ lu àyà. "Mo rò pé ìyẹ̀fun ló ń pò. Mi ò mọ̀ pé ewì ló ń pò."

Kíákíá wo ilẹ̀. Ọjọ́ tó wà lókè ìwé, èyí tó mú un yọ̀ nígbà tó rí i, tó rò pé yóò fi hàn pé ewì náà ti pẹ́, òun ló wá di ẹ̀rí lọ́rùn òkú. Ó yẹ kó jẹ́wọ́ lójú ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n máàkì mọ́kàndínlógún wà níwájú rẹ̀, ọ̀gá iléèwé wà níbẹ̀, àwọn òbí tó ń bọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì wà níbẹ̀. "Bó bá di lẹ́yìn ọjọ́ Ẹtì, màá sọ ọ́," ló fi tu ara rẹ̀ nínú. Kíákíá náà kọ́, ẹ ò rí i? Ó tún sún òótọ́ síwájú bó ṣe ń sún iṣẹ́ iléèwé síwájú.

Àmọ́ ọ̀rọ̀ kò dúró de ọjọ́ Ẹtì. Ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀, bí Kíákíá ṣe ń ti iléèwé dé, Ìyá Aránṣọ sọdá títì wá fúnra rẹ̀. Okùn ìwọ̀n wà lọ́rùn rẹ̀, abẹ́rẹ́ mẹ́rin wà láyà aṣọ rẹ̀, ojú rẹ̀ sì ti wú.

"Oníbúrẹ́dì, kí ni mo ṣe fún ọ? Mo kí ọ lánàá, o wo ibòmíràn. Mo kí ọ láàárọ̀ yìí, o ti fèrèsé. Bí mo bá ṣẹ̀ ọ́, sọ ọ́ fún mi, kí n mọ̀ ọ́n."

Ìyá Àgbà kò gbé ojú sókè kúrò lórí ìyẹ̀fun tó ń pò. "Rẹ́rìn-ín."

"Kí n ṣe kí ni?"

"Mo ní kó o rẹ́rìn-ín, kí n rí eyín rẹ."

"Ṣé orí rẹ dá ṣáṣá báyìí? Mo ń sunkún níwájú rẹ, o ní kí n rẹ́rìn-ín?"

Ìyá Àgbà fi ìyẹ̀fun sílẹ̀. Ó fa ewé náà yọ nínú àpò épírọ́ọ̀nù, ó nà án sí i. "Gbà, kà á. Kí o tó dé ìparí, wàá ti mọ ohun tí mo mọ̀. Láti òní lọ, Aránṣọ, títì tó wà láàárín wa yìí, dúró sí ẹ̀gbẹ́ tìrẹ. Bí mo bá kú, má wá..."

"Ẹ má parí ẹ̀, mà! Ẹ jọ̀ọ́! Èmi ni mo kọ ọ́!"

Àwọn méjèèjì yíjú sí i. Kíákíá ti wà lórí ìkúnlẹ̀ láàárín ìyẹ̀fun, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀ pòròpòrò.

"Èmi ni mo kọ ọ́ lọ́jọ́ Àìkú. Kì í ṣe Bàbá. Mi ò tíì ṣe iṣẹ́ iléèwé mi ni, mo wá ya ìwé Bàbá, mo fi ìyẹ̀fun pa pẹ́ńsùlù kó lè ṣá."

Ìyá Àgbà wò ó títí. Ojú rẹ̀ rọ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe bí Kíákíá ṣe rò. "O ṣeun, ọmọ mi. O fẹ́ bo bàbá rẹ láṣìírí. Ó fẹ́ràn rẹ, mo mọ̀. Dìde."

Ẹ wo nǹkan! Ìgbà tó ń parọ́, gbogbo ayé gbà á gbọ́. Ó wá sọ òótọ́, wọ́n ní kó dìde. Kíákíá sáré wọ yàrá ẹ̀yìn, ó fa ìwé ìṣirò rẹ̀ jáde nínú àpò, ó sáré padà, ó sì ṣí ẹ̀yìn rẹ̀ sórí tábìlì. Gbogbo rẹ̀ ló wà níbẹ̀, èyí tó kọ àti èyí tó fi ìlà pa rẹ́.

Ìyá Aránṣọ ló kọ́kọ́ tẹ̀ síwájú. Ó fi ìka tọ ọ̀rọ̀ náà. "'Àárín irun rẹ ni ọkàn mi gbà kọjá.' Ó pa á rẹ́. 'Ihò imú rẹ ni ọkàn mi gbà kọjá.'" Ó dúró. "Ihò imú?"

"Mo pa ìyẹn náà rẹ́, mà," ni Kíákíá wí, ó ń fa imú.

"Ó dára tó o pa á rẹ́!" Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu Ìyá Aránṣọ kó tó mọ̀, èjí rẹ̀ sì yọ gbàgàdà.

Ìyá Àgbà gba ìwé náà. Ó wo ọwọ́ ìkọ̀wé inú rẹ̀, ó wo ti ewé àtijọ́, ó tún wo ti ìwé. Ó jókòó lórí àpò ìyẹ̀fun bí ẹni tí wọ́n gbé ẹrù kúrò lórí rẹ̀. "Ó yẹ kí n ti mọ̀," ló wí jẹ́jẹ́. "Ó yẹ kí n ti mọ̀! Ọkùnrin yẹn? Lọ́jọ́ ìgbéyàwó wa, gbogbo ènìyàn ń wò wá, ó tẹ̀ sí mi létí. Mo ní ẹ gbọ́, ọ̀rọ̀ ìfẹ́ ti dé. Ó ní, 'Ṣé bàtà yẹn ò fún ọ lẹ́sẹ̀?'"

Ó bú sẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi ń fi épírọ́ọ̀nù nu ojú, títí a ò fi mọ̀ mọ́ bóyá ẹ̀rín ni tàbí ẹkún. Ìyá Aránṣọ jókòó tì í lórí àpò kan náà, ó sì di ọwọ́ rẹ̀ mú.

Nígbà tí Ìyá Àgbà sọ̀rọ̀ padà, kò rẹ́rìn-ín mọ́. "Dìde, wá síbí. Ṣó o mọ ohun tó o ṣe? O mú ẹni tí kò lè dáhùn mọ́, o fi ọ̀rọ̀ sí i lẹ́nu. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi bá bàbá rẹ jà nínú ọkàn mi, kò sì lè gba ara rẹ̀ sílẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi kórìíra ẹni tó wẹ ìyá rẹ nígbà tí mo padà délé, tí ọwọ́ mi kò tíì lè gbé e. Díẹ̀ ló kù kí n sọ ohun tí mi ò ní lè kó padà."

"Ẹ má bínú, mà. Ẹ̀yin náà, Ìyá Aránṣọ, ẹ dárí jì mí."

Ìyá Àgbà kọjú sí ọ̀rẹ́ rẹ̀. "Èmi náà ní ohun tí mo máa bẹ̀ fún. Mi ò bi ọ́, mo dá ọ lẹ́jọ́. Ọ̀rẹ́ mi, má bínú."

"Mi ò tíì pinnu," ni Ìyá Aránṣọ fèsì, ó ń nu ojú. "Ṣùgbọ́n ewì náà, má jù ú nù o. Láti ọjọ́ tí mo ti dáyé, ẹnì kankan kò kọ ewì sí eyín mi rí. Mo fẹ́ gbé e kọ́ sókè ẹ̀rọ ìránṣọ mi."

"Kì í ṣe ewé yìí o! Iyọ̀ ọkọ mi ló wà níwájú rẹ̀. Ọmọ yìí á dà á kọ fún ọ sórí ìwé tuntun, á kọ ọjọ́ òní lókè, á sì kọ orúkọ ara rẹ̀ sísàlẹ̀." Ìyá Àgbà tún yíjú sí Kíákíá. "Kí ni tíṣà tiẹ̀ ní kẹ́ ẹ mú wá?"

"Ewì ìfẹ́ àtijọ́, mà. Láti ẹnu àgbà ilé."

"Ta lo wá bi?"

"Mi ò bi ẹnì kankan."

"Ìgbésẹ̀ mẹ́wàá," ni Ìyá Àgbà wí, ó mi orí. Ó wá gbé ojú sókè, ó ń wá ọ̀rọ̀ náà jìnnà. Ó ní ìyá òun máa ń sọ ọ́ nígbà tí òun wà lọ́mọge, àwọn ẹgbẹ́ òun sì mọ̀ ọ́n sórí. Ó bẹ̀rẹ̀, ibi tó bá sì ti gbàgbé, Ìyá Aránṣọ á gbà á lẹ́nu rẹ̀:

Ìwọ tó ní o fẹ́ mi, wọlé wá kí ìyá mi.
Kí bàbá mi, kí àwọn ẹ̀gbọ́n mi, kó o mọ ohùn wọn.
Ara yìí tó ń dán, yóò ṣá, èmi náà mọ̀.
Apá yìí tó le, yóò rọ̀.
Ṣé wàá bu omi fún mi lọ́jọ́ náà?
Bí o bá máa bù ú, àga rèé.
Bí o kò bá ní bù ú, ilẹ̀kùn rèé.

Kò sí òòrùn nínú rẹ̀, kò sí oyin. Kò tiẹ̀ sọ pé òun fẹ́ràn ẹnikẹ́ni. Ó ń bèèrè ọ̀rọ̀ ni, bí ẹni tó mọ iye ara rẹ̀.

"Ti àwọn ọmọ ìsinsìnyí ńkọ́?" ni Ìyá Aránṣọ bèèrè. Kíákíá ka ti orí fóònù fún wọn pẹ̀lú ìtìjú, ó sì sáré fi kún un pé kò sí ìfẹ́ kankan nínú rẹ̀.

"Tún un kà," ni Ìyá Àgbà wí. Ó tún un kà. "Ó kọ ọ́, ó pa á rẹ́?"

"Ó pa á rẹ́, mà."

"Ó wá bèèrè bóyá ó ti jẹun." Ìyá Àgbà gbójú sókè wo ìṣó tó ṣẹ́ kù lára ògiri. "Ta ló sọ fún ọ pé kò sí ìfẹ́ níbẹ̀? Bàbá rẹ ni yẹn. Bó ṣe ń sọ tirẹ̀ gan-an nìyẹn fún ogójì ọdún."

Kí wọ́n tó pa ilé búrẹ́dì dé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Ìyá Àgbà gbé àga, ó gùn ún, ó sì gbé àwòrán ọkọ rẹ̀ padà sórí ìṣó. Iyọ̀ sì pé nínú búrẹ́dì ọjọ́ kejì.

Kíákíá kò dúró kí agogo iléèwé lù lọ́jọ́ Ẹtì. Ó ti wà lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì olùkọ́ láti òwúrọ̀. Ó sọ gbogbo rẹ̀ láì fi nǹkan kan pamọ́, àti ìyẹ̀fun orí pẹ́ńsùlù pàápàá. Olùkọ́ yọ awò ojú rẹ̀, ó gbé e kalẹ̀. Kíákíá ì bá fẹ́ kó kúkú pariwo.

"Mo ti sọ̀rọ̀ ewì yìí fún ọ̀gá iléèwé," ni olùkọ́ wí. "Mo tún lọ bá ìyá àgbà rẹ nílé, mo ní kó rẹ́rìn-ín." Ó mí kanlẹ̀. "Òdo ni máàkì rẹ. Ẹlòmíràn ni yóò kàwé fún àwọn òbí lónìí. Lọ́jọ́ Ajé, wàá dúró níwájú kíláàsì, wàá sọ ohun tó o ṣe lẹ́nu ara rẹ. Lẹ́yìn náà, wàá ka òmíràn tó o bá kọ fún wọn. Bó ti wù kó dára tó, mi ò ní fún ọ ju mẹ́wàá lọ."

"Ẹ ṣeun, mà," ni Kíákíá wí, ó sì dúpẹ́ dénú. Bó ṣe ń jáde, ó mí sókè, èémí náà sì lọ sísàlẹ̀ pátápátá, fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun.

Ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì náà gan-an, kó tó jẹun, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tuntun náà. Ó parí rẹ̀ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, odidi ọjọ́ méjì ṣáájú àkókò, irú èyí tí kò ṣẹlẹ̀ rí. Lọ́jọ́ Ajé, ó dúró níwájú kíláàsì, ó jẹ́wọ́. Àwọn kan rẹ́rìn-ín, àwọn kan dákẹ́, ọmọkùnrin ọjọ́sí sì pariwo pé, "Haa! Ṣé èmi ni mo wá ń ṣe ìlara bàbá yẹn lásán?" Ojú ti Kíákíá, ṣùgbọ́n kò kú.

Ó wá ka àròkọ tuntun náà sókè. Ó ní ìfẹ́ inú ewì àtijọ́ máa ń wọlé láti ẹnu ọ̀nà, ó ń kí gbogbo ilé, ó sì ń bèèrè ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ ogbó. Ó ní ìfẹ́ inú ewì òde òní máa ń tijú, ènìyàn méjì péré ló wà níbẹ̀, ọ̀rọ̀ tó sì wà lọ́kàn rẹ̀ jù ló máa ń pa rẹ́. Ó ní àwọn méjèèjì jọra ní ibì kan: ọ̀kan ń bèèrè omi, èkejì ń bèèrè oúnjẹ. Ó wá sọ̀rọ̀ ewì kẹta, èyí tí òun fúnra òun kọ. Ó ní, "Ewì yẹn kò sọ nǹkan kan nípa àwọn ará àtijọ́. Èmi fúnra mi ló ń sọ nípa rẹ̀. Mo rò pé mo mọ bí wọ́n ṣe fẹ́ràn ara wọn, mi ò sì bi wọ́n."

Olùkọ́ kọ mẹ́sàn-án síwájú ìwé rẹ̀. Kíákíá wo mẹ́sàn-án náà, inú rẹ̀ sì dùn ju bó ti dùn sí mọ́kàndínlógún lọ, torí pé kò sí ẹni tí yóò sunkún nítorí rẹ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń ka ìtàn yìí, irọ́ tí ẹ rò pé ẹ pa fún máàkì lásán lè wọ ilé tí ẹ kò rán an lọ, kó sì ba ohun tí wọ́n fi ogójì ọdún kọ́ jẹ́. Bó bá ti jáde lẹ́nu yín, ẹ má dúró di lẹ́yìn ọjọ́ Ẹtì, ẹ yára pè é padà. Bí àgbà kan bá sì wà ní yàrá iwájú, tí ẹ kò mọ ohun tó mọ̀, ẹ dìde, ẹ lọ bi í.